Ẹranko tó ń kó adìẹ mi ní Ìsẹ̀-Èkìtì: ṣé ìjàkùmọ̀ ni àbí ẹtà?

Àgbẹ̀Kòkó_Ìsẹ̀
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, òní ni màá kọ́kọ́ lanu. Ọ̀rọ̀ adìẹ ló gbé mi dé.

Oko kòkó wa wà lẹ́yìn ìlú Ìsẹ̀, ní apá ibi tí igbó ọba wà. Mo kọ́ ahéré síbẹ̀, mo sì ń sin adìẹ ìbílẹ̀ mẹ́rìnlá. Láàárín òru mẹ́ta, wọ́n ti ku mẹ́sàn-án. Lóru àná mo gbọ́ tí wọ́n ń ké, mo dìde, mo tan tọ́ọ̀ṣì, ojú méjì kọ mànà sí mi láti orí páànù. Kí n tó gbẹ́sẹ̀ kejì, ó ti fò. Ohun tí mo rí ni pé ara rẹ̀ lámì tótòtó, ó sì tóbi ju ológbò ilé lọ. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀rù ló mú kó tóbi lójú mi.

Bàbá ìyàwó mi ní ìjàkùmọ̀ ni. Ọdẹ kan tó ń kọjá ní ẹtà ni. Ìyàwó mi ní kì í ṣe ẹranko rárá, kí n kọ́kọ́ lọ bá pásítọ̀. Èmi ti ń ronú pé kí n ra májèlé, kí n fi pa ẹran lára, kí n gbé e sílẹ̀ fún un. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá_Aládìẹ_Adó
Ọmọ mi, fi májèlé sílẹ̀ ná. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹranko tí mo dẹ ẹ́ fún kò fẹnu kàn án, ajá aládùúgbò mi ló jẹ ẹ́. Mo san owó ajá, mo tún bẹ̀bẹ̀ fún odidi oṣù kan. Ọmọdé náà ń bẹ nínú oko, àbí?

Kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń mú wọn. Ejò kì í fi ìyẹ́ sílẹ̀, odidi ló ń gbé e mì. Àwòdì kì í ṣiṣẹ́ òru. Olè ẹlẹ́sẹ̀ méjì kì í jókòó jẹun níbẹ̀, inú àpò ló ń kó wọn sí, a ó sì gbọ́ mọ́ṣíìnì rẹ̀ lọ́nà. Ṣé o rí ìyẹ́? Ṣé o rí òkú? Ibo ló gbà wọlé? Wo ilẹ̀ tútù tó wà nítòsí, kí o wò ó bóyá ipasẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀, kí o sì sọ fún wa bóyá èékánná hàn lára rẹ̀.

Lálẹ́ òní, kó gbogbo wọn sínú yàrá tí ò ń sùn. Òórùn wọn kò ní pa ọ́.

Ọdẹ_Ìkòlé
Mo ti gbé ìbọn kọ́ ògiri nígbà tí orúnkún kọ̀ fún mi, ṣùgbọ́n mo ṣọdẹ láti Ìkòlé títí dé ìhà Ìpaò fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀.

Ẹtà kì í gun páànù. Ẹranko ilẹ̀ ni. Ó wúwo bí ajá kékeré, ó ń rìn bí ẹni tí nǹkan kan kò lé, á dorí kodò, á máa fimú fẹ́ ilẹ̀ kiri. Ojú rẹ̀ dúdú bí ẹni pé wọ́n fi èédú kùn ún. Bó bá bínú, irun ẹ̀yìn rẹ̀ á dìde láti ọrùn títí dé ìrù, á wá tóbi ní ìlọ́po méjì lójú rẹ. Ọ̀dọ́ ọdẹ tó bá kọ́kọ́ rí ìyẹn á ṣìnà ìbọn.

Ẹtà kì í sì yàgbẹ́ káàkiri. Ojú kan ló ń yà á sí, lẹ́bàá ọ̀nà. Bí o bá dé ibẹ̀, wàá rí egungun eku, ìyẹ́, kóró ẹyìn, àti èèpo ọ̀kùn. Ọ̀kùn yìí tí ọ̀pọ̀ ẹranko kì í fẹnu kàn nítorí oró rẹ̀, ẹtà ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Nǹkan kan wà lábẹ́ ìrù rẹ̀ bí òróró, ó máa ń fi pa ara igi àti òkúta. Kí n tó rí ẹtà, imú mi á ti bá a pàdé.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ orí páànù ni o ti rí i, ọ̀gbẹ́ni ọdẹ tó kọjá yẹn, kó má bínú, kò sọ ọ́ dáadáa.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọ̀yẹ́
Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ̀kọ́ nípa ẹranko igbó ni mò ń kà, inú mi sì dùn sí ọ̀rọ̀ ojú kan tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí yẹn, torí ohun tí ìwé náà kọ nìyẹn. Òróró tí Bàbá wí, wọ́n ń fi ṣe lọ́fíńdà. Ní ilẹ̀ Ethiopia, àwọn kan ń sin ẹtà sínú àgò nítorí rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un: ẹtà kì í ṣe ológbò, bó tilẹ̀ lámì lára. Ìdílé ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Ẹ wo èékánná. Ológbò máa ń fa èékánná rẹ̀ wọlé nígbà tó bá ń rìn, ìdí nìyẹn tí kò fi ń hàn lórí ẹrẹ̀. Ti ẹtà wà níta nígbà gbogbo, bíi ti ajá, ó ń hàn.

Ológbò gidi kan wà nínú igbó òjò tiwa, láti Senegal títí dé Kóńgò àti Uganda. Òyìnbó ń pè é ní ológbò wúrà ilẹ̀ Áfíríkà. Ó tó ìlọ́po méjì ológbò ilé: láàárín kílò 5 ààbọ̀ sí 16. Etí rẹ̀ kéré, ó rí róbótó, ẹ̀yìn etí náà dúdú. Ìrù rẹ̀ kúrú, kò tó ìdajì gígùn ara rẹ̀. Abẹ́ ikùn rẹ̀ funfun. Àwọ̀ rẹ̀ ló ń da ènìyàn lójú rú: òmíràn pupa bí ilẹ̀ pupa, òmíràn rí bí eérú, òmíràn dúdú kirikiri. Nínú àwọn pupa, ọ̀kan lè lámì ní gbogbo ara, kí èkejì má ní ju ti ikùn lọ. Ẹranko kan náà ni gbogbo wọn. Eku, ẹyẹ, ẹtu kéékèèké àti ọ̀bọ ló ń jẹ, ó sì ń dá nìkan gbé. Èrò tèmi ni pé òun ni ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa ń pè ní ìjàkùmọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ti rìn jìnnà, ohunkóhun tó bá lámì tó sì ń rìn lóru ni àwọn kan ń fi pè.

Ohun mìíràn: ojú tó kọ mànà kò fi hàn pé ológbò ni. Awọ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí. Ẹtà ní in, ajá ní in, ewúrẹ́ ìyá mi náà ní in.

Ọ̀rọ̀_Àgbà
Ẹ̀yin ọmọ ìwé ẹ! Ṣé ẹ ti gbàgbé pé ìjàkùmọ̀ kì í rìn ọ̀sán, ẹni a bíire kì í rìn òru? Ìjàkùmọ̀ ni. Òru ló wá, kí lẹ tún ń wá kiri?

Ọdẹ_Ìkòlé
Ọ̀rọ̀ Àgbà, mo kí yín o. Òwe yẹn, ènìyàn ló ń bá wí. Èmi ti rí ìjàkùmọ̀ ní ọ̀sán gangan. Ẹ̀bá odò kan ni mo jókòó sí, mò ń jẹ ẹ̀wà, ó jáde láti inú igbó lódìkejì, pupa ni, ó wò mí bí onígbèsè tó rí ẹni tó yá a lówó, ó sì padà wọ inú igbó. Ẹ̀wà ló wà lọ́wọ́ mi, kì í ṣe ìbọn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi òwe yẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ ọmọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọ̀yẹ́
Òótọ́ ni Bàbá sọ. Kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ igi ti fi hàn pé ológbò wúrà yìí ń rìn ní ọ̀sán, ó ń rìn lóru. Ní igbó Kibale ní Uganda, ó sáré wọ àárín àwọn ọ̀bọ pupa ní ojú ọ̀sán, kámẹ́rà sì gbà á sílẹ̀. Bí ènìyàn kò bá rí i, ìdí ni pé ó mọ bí a ṣe ń sá fún ènìyàn.

Ọ̀rọ̀_Àgbà
Ẹ ti gba òwe lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yìí. Kí ló kù?

Àgbẹ̀Kòkó_Ìsẹ̀
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ṣe bí Ìyá ṣe wí, mo kó wọn sínú yàrá. Mo kàn fẹ́ sọ pé àkùkọ kì í mọ̀ pé aago mẹ́ta òru kò tíì mọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò dín.

Ìdáhùn àwọn ìbéèrè yín nìyí. Ìyẹ́ wà, ó pọ̀, ó dà sí ojú kan lábẹ́ igi obì. Méjì nínú òkú wọn ṣì wà nílé adìẹ, orí wọn àti àyà wọn ni ó jẹ, ó fi ìyókù sílẹ̀. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Igun páànù kan ti ṣí, àlàfo tó wà níbẹ̀ kò ju ìkúùkù mi lọ. Mo rí ipasẹ̀ lórí ẹrẹ̀ lẹ́bàá ìgò omi: ó kéré, bí ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó rí róbótó, n kò rí èékánná.

Ìbẹ́pẹ mi náà, mo rò pé àdán ló ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ipasẹ̀ kan náà wà lábẹ́ igi rẹ̀, eyín sì wà lára èyí tó jábọ́.

Lóru yìí mo dúró sí ojú fèrèsé. Ó tún wá. Ó gun orí páànù, kò rí ẹnìkan, ó gba ẹ̀ka igi obì lọ. Ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ìrù rẹ̀ ni mo rí dáadáa: ó gùn tó ara rẹ̀, àbílà dúdú àti funfun ló wà lára rẹ̀ yíká. Mo bẹ̀ yín, kí lèyí?

Ìyá_Aládìẹ_Adó
Àlàfo tó tó ìkúùkù! Ẹranko tó wúwo bí ajá kékeré kò lè gba ibẹ̀ wọlé. Mo ní kí o wo ibi tó gbà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọ̀yẹ́
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ti yanjú, kò sì jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. Ìrù aláàbílà tó gùn tó ara, ara tẹ́ẹ́rẹ́, gígun igi: mọ̀lẹ́bí ẹtà ni, ṣùgbọ́n ó kéré jù ú lọ gan-an. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í sábà ju kílò 3 lọ. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ẹtà onírù-àbílà níbí, ká má baà tún jà lórí orúkọ. Ó lè fa èékánná rẹ̀ wọlé díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ipasẹ̀ rẹ̀ fi tàn yín.

Ìbẹ́pẹ yẹn gan-an ló fi dá mi lójú. Ológbò, ti ilé àti ti igbó, kò mọ adùn ṣúgà. Ohun tó yẹ kó máa gbọ́ adùn lẹ́nu rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí ẹ bá fi ìbẹ́pẹ pípọ́n síwájú ìjàkùmọ̀, yóò kọjá lára rẹ̀. Ẹtà àti àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ń jẹ èso.

Bó bá ti wọ ilé adìẹ, ó máa ń pa ju èyí tó lè jẹ lọ, torí pé wọ́n ń fò kiri níwájú rẹ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n lè sá lọ. Ohun tí ó máa ń jẹ lójoojúmọ́ ni eku, alángbá, kòkòrò, ẹyẹ àti èso.

Ọdẹ_Ìkòlé
Òun ni. A máa ń rí i lórí igi, ó ń sáré lórí ẹ̀ka bí ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹran rẹ̀ kò tó ọbẹ̀. Ọdẹ tó bá yìnbọn fún un, ìyàwó rẹ̀ á bi í pé ìgbà wo ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọdẹ.

Bí o bá fẹ́ dẹ okùn wáyà, má ṣe. Okùn kò mọ ẹni tó ń mú. Mo ti rí ẹtu aboyún nínú okùn tí wọ́n dẹ fún òyà, mo tún ti rí ajá tèmi.

Tẹ́lọ̀_Ìkẹ́rẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kékeré. Bí mo bá rí ọmọ ìjàkùmọ̀ nínú igbó, ṣé mo lè gbé e wálé kí n máa sìn ín? Èkúté ti fẹ́ fi aṣọ oníbàárà mi ṣe ìtẹ́.

Ọmọ_Ẹ̀fọ̀n_Scotland
Má dán an wò, àbúrò. Níbi tí mo ń gbé yìí, wọ́n ní ológbò igbó tiwọn. Ó jọ ológbò ilé aláàbílà, ṣùgbọ́n ó gbópọn jù ú lọ, ìrù rẹ̀ nípọn, òrùka dúdú wà lára rẹ̀, ṣónṣó rẹ̀ kò mú, ó rí bíi pé wọ́n gé e. Àwọn tó mú ọmọ rẹ̀ tọ́ láti kékeré sọ pé bó bá dàgbà tán, àfi bíi pé kò mọ̀ wọ́n rí. Wàrà tí o fún un kò ní kó gbàgbé igbó.

Ìṣòro tiwọn níbí yàtọ̀ sí tiyín. Ológbò ilé ló ń gun àwọn ti igbó, ọmọ tí wọ́n ń bí sì ń di àdàlú, títí ojúlówó fi fẹ́ẹ̀ tán. Ní 2023, wọ́n tú 19 tí wọ́n ti sìn sílẹ̀ sínú igbó Cairngorms. Mo wà ní ìlú kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ bá mi wo owó tí wọ́n ná lórí ohun tí bàbá mi ń fi òkúta lé ní Ẹ̀fọ̀n.

Tẹ́lọ̀_Ìkẹ́rẹ́
Ológbò ilé tèmi náà máa ń wọ igbó lọ lálẹ́. Ṣé ó lè bá ìjàkùmọ̀ bímọ?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọ̀yẹ́
Rárá. Ìjàkùmọ̀ ti igbó òjò jìnnà sí i nínú ìdílé. Èyí tó jẹ́ ìyá ńlá gbogbo ológbò ilé ni ológbò igbó mìíràn tó ń gbé ní ilẹ̀ koríko àti aṣálẹ̀, ní Áfíríkà àti apá Ìlà-oòrùn ayé tó súnmọ́ wa. Nígbà tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkà pamọ́, eku tẹ̀lé ọkà, ológbò tẹ̀lé eku. Ní erékùṣù Cyprus, wọ́n ti wú ológbò kan tí wọ́n sin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ènìyàn ní nǹkan bí 9,500 ọdún sẹ́yìn. Nítorí náà, bí o bá ń wá ẹni tó máa lé èkúté, ti ilé ni kí o wá. Òun ti bá wa dá májẹ̀mú.

Nọ́ọ̀sì_Èkìtì
N kò mọ nǹkan kan nípa ẹtà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ẹranko igbó kankan, tàbí ajá, tàbí ológbò, bá gé yín jẹ tàbí tí èékánná rẹ̀ ha yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ wo aago, ẹ má fojú dá a. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́ àìsàn dìgbòlugi. Ẹ má fi ata, epo tàbí àgbo dí i. Bí àìsàn yẹn bá ti fi àmì hàn lára ènìyàn, ọwọ́ kì í sábà ká a mọ́.

Ẹranko igbó tó bá ń súnmọ́ yín ní ọ̀sán láìbẹ̀rù, ẹ sá fún un. Ẹ má ní ó wuyì.

Ìyá_Aládìẹ_Adó
Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ ilé adìẹ, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ọmọ mi, páànù yẹn, kàn án mọ́lẹ̀ dáadáa, kí o fi igi tẹ̀ ẹ́ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wáyà tí o bá máa lò, má ra oníhò ńlá tí wọ́n fi ń ṣe ọgbà, ẹranko yìí máa ki ọwọ́ wọ inú rẹ̀ fa adìẹ ní ẹsẹ̀. Oníhò kékeré ni, èyí tí ìka rẹ kò ní wọ̀ dáadáa. Ri ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọ ilẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, nítorí pé ohun mìíràn wà tó máa ń gbẹ́lẹ̀. Gé ẹ̀ka obì tó wọ orí páànù. Ẹ̀ka yẹn ni àtẹ̀gùn rẹ̀. Kí o sì máa kó wọn wọlé kí oòrùn tó wọ̀, kì í ṣe ìgbà tí o bá ti jẹun alẹ́ tán.

Èyí tó kú, má fi sílẹ̀ nítòsí. Sin ín. Èyí tó fi sílẹ̀ ló ń padà wá jẹ.

Mo ti ta adìẹ ní Adó fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún ọ pé òun ní oògùn tó ń lé ẹranko, bi í pé adìẹ mélòó ló ní.

Ọ̀rọ̀_Àgbà
Ó ku ìbéèrè kan lọ́kàn mi. Akẹ́kọ̀ọ́, ṣé ìjàkùmọ̀ gidi ṣì wà ní igbó ọba tó wà ní Ìsẹ̀ yẹn? Orúkọ àmọ̀tẹ́kùn ni mo ń rí lára ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ láti 2020, àmọ̀tẹ́kùn fúnra rẹ̀ ni n kò rí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọ̀yẹ́
Ẹ̀rín pa mí, Bàbá. Àwọn ìnàkí kan ṣì wà nínú igbó Ìsẹ̀, àwọn onímọ̀ ti ṣe ìwádìí lórí wọn. Ti ìjàkùmọ̀, àfi kí ẹnìkan so kámẹ́rà mọ́ igi kó sì ní sùúrù. IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá inú igbó, ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ẹranko tó wà nínú ewu pípòórá, okùn wáyà àti gígé igbó ló sì ń ṣe é jù. Bí ẹnikẹ́ni lára yín bá rí ọ̀kan, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ má tẹ̀lé e.

Àgbẹ̀Kòkó_Ìsẹ̀
Ọ̀sẹ̀ méjì rèé, mo ní kí n padà wá jábọ̀. Mo ti kan páànù, mo ra wáyà oníhò kékeré, mo gé ẹ̀ka obì. Mẹ́sàn-án ṣì jẹ́ mẹ́sàn-án. Ẹranko náà kò lọ. Mo ń rí i lálẹ́ lórí igi kòkó, ó ń wá eku, ó sì ti mú òkété kékeré kan lójú mi. Ìbẹ́pẹ kan ṣoṣo tó wà lókè pátápátá ni mo fi sílẹ̀ fún un.

Ìyàwó mi ṣì ní kí n lọ bá pásítọ̀. Bàbá ìyàwó mi ní ìjàkùmọ̀ ni, pé àwa ọmọ ayé òde òní kò mọ ìrù ẹranko.

Ìyá_Aládìẹ_Adó
Kí bàbá ìyàwó rẹ. Àkùkọ tó ń kọ ní aago mẹ́ta yẹn, bí o bá fẹ́ tà á, mo wà níbí.